Kóòtù Inú Páànù Ìkẹyìn

Nígbà tí Ayífíìmù, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ sinimá, ṣí ìkẹyìn nínú àwọn páànù tí wọ́n kó fíìmù sí ní àárọ̀ Sátidé, kóòtù ló bá níbẹ̀. Kóòtù dúdú àgbàlagbà ni, wọ́n ká a jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ìdérí páànù lè bò ó. Ayífíìmù gbé e sókè, ó gbọ̀n ọ́n yẹ́báyẹ́bá, bóyá ó rò pé fíìmù á já bọ́ látinú apá rẹ̀. Ohun tó já bọ́ kò ju ìbọ̀wọ́ ọmọdé kan lọ. Ló bá jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí, ó ní kí wọ́n bá òun pe Ìyá Òfíntótó.

Obìnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nílé títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó mú adigunjalè, ó mú ayédèrú wòlíì, ó tilẹ̀ mú ọ̀gá tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbé e ga mọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó máa bọ̀ lókè òkun kó wá sinmi. Ó wá, ó sinmi díẹ̀, ìsinmi sì sú u. Láti ìgbà náà, bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù láàárín àwọn ará ilé tó wà ní ìlú àjèjì yẹn, tàbí tí ọkọ ẹnì kan ń pẹ́ jù níbi iṣẹ́, òun ni wọ́n ń ké sí. Wọ́n ní imú rẹ̀ máa ń gbọ́ òórùn irọ́ kí ẹni tó fẹ́ pa á tó lanu.

Gbọ̀ngàn sinimá náà ò tóbi. Ó há sáàárín ilé ìfowópamọ́ kan àti ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, bí arúgbó tó jókòó sáàárín àwọn géńdé nínú ọkọ̀. Fóòmù àga rẹ̀ ti yọ jáde nínú awọ, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti họ, àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwọn ará ilé máa ń yá a láti wo fíìmù ilé. Ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, á gbọ́ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" lọ́jọ́ yẹn títí yóò fi sú u. Bí iná bá wá kú, tí wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan bú ọmọ rẹ̀ lédè ilé lójú àwòrán, ẹ̀rín á sọ, omi á sì dà lójú àwọn kan, wọn ò ní mọ èyí tó ṣáájú. Àjò ò dùn kónílé má relé. Ilé ò ṣeé lọ lóṣooṣù, ìyẹn ni wọ́n fi ń lọ sí sinimá.

Fíìmù ti oṣù yìí wá yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí wọ́n ti ń wò. Òun ni fíìmù kan ṣoṣo tí gbọ̀ngàn sinimá ìlú wọn ní nígbà èwe wọn. Ìyàwó kan ló bá ọkọ rẹ̀ jà, ó di ẹrù rẹ̀, ó bọ́ sí títì, lọ́rì kan sì dúró fún un. Ó ti gun ọkọ̀, ọkọ̀ ti ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni róòlù ìkẹyìn ti gbiná mọ́ inú ẹ̀rọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn nílùú, ó sì jóná ráúráú. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n ju bàtà, wọ́n fẹ́ fọ́ gbọ̀ngàn. Ni Bàbá Sinimá, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ, bá jáde pẹ̀lú èéfín lójú, ó dúró níwájú aṣọ funfun, ó sì fẹnu sọ ìyókù fún wọn. Ó ní obìnrin náà ò tíì rìn jìnnà tó fi ní kí dírẹ́bà dúró. Ó ní ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn padà sílé. Ó ní ọkọ ṣílẹ̀kùn, kò bi í léèrè ibi tó lọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ: "Omi ti wà lórí iná."

Láti ọjọ́ yẹn, ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi fíìmù náà hàn, tí ojú àwòrán bá ti funfun, Bàbá Sinimá á jáde wá sọ ìparí. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sórí. Wọ́n tún máa ń fi ìyàwó inú fíìmù náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí aṣọ kan náà ló wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí iná ti mú un. Bí ẹnì kan ò bá pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á ní, "Aṣọ kan bí ìyàwó sinimá!"

Yàtọ̀ sí Alága ẹgbẹ́ tó ní òun wò ó ní ìlú míì, kò sí ọmọ ìlú wọn kan tó sọ pé òun rí róòlù ìkẹyìn rí. Ìgbà tí Ayífíìmù wá rí odindi fíìmù náà ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú fíìmù àtijọ́, ní ìlú àjèjì yìí kan náà, ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi yá a. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ wò ó. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá.

*

"Ayífíìmù náà ni!" Alága ẹgbẹ́ ló ń pariwo bí Ìyá Òfíntótó ṣe ń gun àtẹ̀gùn yàrá ẹ̀rọ bọ̀. "Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́? Ẹran kì í wà lẹ́nu ajá kẹ́ ẹ máa wá olè kiri!"

"Alága, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu kóòtù ná."

"Kóòtù ń sọ̀rọ̀?"

"Ju ẹ̀yin lọ. Kò sì pariwo."

Ó gba kóòtù náà lọ́wọ́ Ayífíìmù. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, eruku lásán ni. Inú àpótí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ohun tí àwọn èrò bá gbàgbé sí, ni wọ́n ti mú un. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po.

"Ọmọ mi, o ò bá má tíì gbọ̀n ọ́n. Àmọ́ ojú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wò ó, inú ni wọ́n yí síta, wọ́n wá ti apá méjèèjì bọnú. Èmi àti ẹ, tá a bá ń sá lọ pẹ̀lú ẹrù olè, ṣé bá a ṣe máa ká kóòtù nìyẹn?"

"Màá kàn rún un mọ́ra ni, mà."

"Ẹni tó bá ti ń ká aṣọ aláṣọ lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu bó tilẹ̀ ń jalè." Ó gbójú sókè. "Ta ló wọ ibí láti ọjọ́ tí fíìmù ti dé?"

Ayífíìmù wo Alága tìjàtìjà. "Àwọn Alága wá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wá kó aṣọ tó bo àwọn àga lọ fọ̀. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ náà wá. Kọ́tìnnì ya, wọ́n jókòó síbí rán díẹ̀ nínú ẹ̀ torí pé iná ibí mọ́lẹ̀, wọ́n wá ká ìyókù lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ mu tíì."

"Wọ́n ti kó ẹ̀rọ àti fíìmù lé ẹ lọ́wọ́, tíì lo lọ mu. Ó dáa. Ṣé ìwọ alára ti wo róòlù náà?"

"Rárá o, mà. Mi ò tíì ká a padà. Tí fíìmù bá ti yí tán lórí ẹ̀rọ, ìparí rẹ̀ ló máa ń wà níta, ìbẹ̀rẹ̀ á wà nínú lọ́hùn-ún. Ó di dandan kéèyàn ká a padà kó tó tún lè lò ó. Àwọn tó lò ó kẹ́yìn ò sì ká ẹyọ kan. Mo ti ká gbogbo wọn, ó ku ti ìkẹyìn yẹn nìkan."

Ìyá Òfíntótó mi orí. Kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn yóò wúlò sí, àmọ́ ó fi í pamọ́, bí obìnrin ṣe ń fi abẹ́rẹ́ há ìgbátí ìró nítorí ohun tó lè ya lójijì.

*

Ibi tó kọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni. Ìyàwó Bàbá Sinimá ṣì wà láyé. Òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ọkọ ti kú, òun sì ń gbé ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò sí ohun tó fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ nínú ìyẹn mọ́, torí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó ń fọwọ́ wá aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́la.

"Òfíntótó, ìwọ nìyẹn. Ìró bàtà rẹ dà bíi ti ọlọ́pàá títí di ìsinsìnyí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o."

"Ta ló tún jalè?"

Ìyá Òfíntótó fẹ́ sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó ti jókòó ti àwọn òbí tí apànìyàn pa ọmọ wọn, ó ti sọ ọ́ fún wọn láìfọ̀rọ̀ falẹ̀. Ti òní le ju ìyẹn lọ.

"Kò sí o. Mo ní kí n wá wò yín ni. Kí ni dókítà sọ?"

"Ó ní ojú yìí ò ní rí ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kò burú, kó ṣáà ti rí ọ̀sán ọ̀la." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O mọ nǹkan tí mo fẹ́ rí? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni ọkọ mi pa."

"Irọ́ báwo?"

"Lọ́jọ́ tí iná jó fíìmù, wọ́n fẹ́ lù ú pa. Ó kàn jáde síta ni, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ náà, ibo lo ti mọ ìparí ẹ̀? Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ti lọ sí olú-ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣáájú ìgbà yẹn, ó lọ ra gílóòbù ẹ̀rọ. Ó pẹ́ kó tó dé, a jà sí i, kò sì sọ ibi tó yà sí. Àbí ó lọ wò ó níbẹ̀ ni? Àbí ó kàn hun ún fún wọn ni? Ọkùnrin yẹn ò parọ́ fún mi rí. Bí èyí bá jẹ́ irọ́, mo fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ bá a, kí n lè mọ bí mo ṣe máa kí i."

 Ìyá Òfíntótó náà wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, ọmọ kékeré, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà lára èyí tí wọ́n jù.

"Ó kù díẹ̀ kí n má lọ o," ni ìyá náà tún wí. "Àbúrò mi ló ń dà mí láàmú láti àná. Ó ní òtútù ti pọ̀ jù, kí n jókòó sílé, òun á wá rò ó fún mi."

"Télọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Télọ̀ ni. Ọmọdé yẹn ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ó wá fẹ́ máa tọ́jú mi."

*

Àmọ́ ilé ìfọṣọ Alága ló sún mọ́ ọ̀nà, ibẹ̀ ni Ìyá Òfíntótó yà sí kó tó lọ bá Télọ̀. Àgbàfọ̀ ni Alága kó tó di alága, àgbàfọ̀ náà ló sì jẹ́ títí di òní. Ooru ayọ́ọ̀nù gba inú ilé náà kan. Lórí pẹpẹ, kóòtù oníbàárà tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, inú ni wọ́n yí síta, wọ́n ti apá méjèèjì bọnú.

 Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ rọrùn jù lójú Ìyá Òfíntótó.

"Alága, ẹ ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tá a ti dé ibí pé ẹ wo fíìmù yìí parí ní ìlú míì."

"Mo wò ó!" Ó gbé ayọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Bàbá Sinimá kàn tàn yín ni. Ìbọn ni wọ́n fi parí ẹ̀. Ọlọ́pàá ya bo lọ́rì, ariwo ta, wọ́n mú dírẹ́bà!"

"Ìyàwó ńkọ́? Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Aṣọ wo ló tún ní? Aṣọ kan bí ìyàwó sinimá! Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

"Mi ò gbàgbé. Ta ni wọ́n wá yìnbọn fún?"

"Wọ́n yìn ín... wọ́n yìn ín sókè."

"Ọ̀la ni gbogbo wa máa rí i. Àbí a ò ní rí i, Alága?"

Òógùn bò ó lójú, kì í sì í ṣe ti ayọ́ọ̀nù. Ó wo ẹ̀yìn bóyá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbọ́, ó fa àga, ó jókòó.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Mi ò wò ó rí. Ọ̀dọ́ ni mí, àwọn kan ń fọ́nnu, èmi náà fọ́nnu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún... ẹ ṣáà mọ ìyókù. Mi ò sùn láti ọjọ́ tí Ayífíìmù ti ní òun rí fíìmù. Àmọ́ mo fi orí ìyá mi búra, èmi kọ́ ni mo gbé e."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́."

Ẹnu ya Alága. "Ẹ gbà mí gbọ́ báyẹn?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo gbà gbọ́, irọ́ yín ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé róòlù yẹn, ẹ ò bá ti wò ó, irọ́ yín ò bá sì dáa ju báyìí lọ. Ẹni tó bá ti rí ìparí kò ní máa yìnbọn sókè." Ó dìde. "Ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ayífíìmù."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà gbé aṣọ jáde nínú gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀kan ti dí.

*

Télọ̀ wà nídìí maṣíìnì nígbà tí Ìyá Òfíntótó wọlé, kọ́tìnnì pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó rí i, ó dìde kí i, ó dọ̀bálẹ̀ tán kó tó rántí pé ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Mo ti gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ náà burú. Bóyá ìfẹ́ Ọlọ́run ni, ká kàn gbàgbé ẹ̀."

"Ọlọ́run ò rí i sọ nípa fíìmù. Jókòó, máa ṣiṣẹ́ ẹ. Mi ò bá tìyẹn wá, ilé ló ń wù mí."

Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń sọ nígbà náà. Wọ́n rántí igi tó wà níwájú gbọ̀ngàn sinimá, tí àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà máa ń gùn. Wọ́n rántí ọkùnrin kan tó máa ń dá àwọn òṣèré lóhùn láti orí àga, tó máa ń kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n rántí bí Bàbá Sinimá ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé omi ti wà lórí iná, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mí. Ẹ̀rín ń pa Télọ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìyá Òfíntótó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ ṣe yìí ò dáa, ó sì ṣe é.

"Ohun kan ló ń bí mi nínú nípa fíìmù yẹn, Télọ̀. Ẹni tó rán aṣọ fún wọn ò mọṣẹ́ rárá. Odindi fíìmù, aṣọ kan, ó tún wá rí wúruwùru."

"Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, màmá!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí maṣíìnì. "Ọ̀gá lẹni yẹn. Ti àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin oníṣẹ́ ilé ni. Ẹ wo èkejì, èyí tó lọ́rùn gíga, tí wọ́n to bọ́tìnnì sẹ́yìn ẹ̀ láti ọrùn dé ìdí! Ìránṣọ nìyẹn. Ojú rírán ẹ̀ ò fì rárá..."

Maṣíìnì dúró.



"Èkejì wo, Télọ̀?" Ó bi í jẹ́jẹ́. "Gbogbo ìlú wa, aṣọ kan la mọ̀ mọ ìyàwó sinimá. Bí ó bá ní èkejì, inú róòlù tó jóná nìkan ló lè wà."

Télọ̀ ò jiyàn. Ó tẹ̀ba, ó ká kọ́tìnnì kúrò lẹ́sẹ̀, ó gbé róòlù náà jáde lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó ti fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e. Ó gbé e lé Ìyá Òfíntótó lẹ́sẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Mi ò fẹ́ jí i. Mo ní kí n kàn yọjú wò ó ni, kí n ṣáájú gbogbo wọn. Mo gbé e síwájú iná, mo ń tú u díẹ̀díẹ̀, mo ń wo àwòrán níbì kan, mo ń fo ibì kan. Mo kọ́kọ́ rí obìnrin náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nídìí àdògán. Inú mi dùn. Mo tú u síwájú, mo rí ọkọ tó ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo tún tú u, mo rí obìnrin náà lójú títì, ó kọ̀yìn, ẹrù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí mo máa tú u tán, inú lọ́rì ló wà, ó ń sunkún. Ó lọ, màmá! Ó fi í sílẹ̀! Bàbá Sinimá tàn wá jẹ."

Ó fi etí kọ́tìnnì nu ojú.

"Èmi gan-an, láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, tí ayé bá sú mi níbí, omi tó wà lórí iná yẹn ni mo fi ń pa ara mi níyè dà. Mo máa ń ní, ìgbàkígbà tí mo bá padà, ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn, kò ní bi mí pé kí ló pẹ́ mi. Irọ́ ni! Ẹ̀gbọ́n mi wá fẹ́ fojú. Ṣé ohun tó máa rí kẹ́yìn láyé nìyẹn, pé òpùrọ́ ni ọkọ òun? Mo ní ó sàn kó má rí nǹkan kan."

 Ìyá Òfíntótó ti rí olè tó jalè nítorí ebi, èyí tó jalè nítorí ojúkòkòrò. Èyí tó jalè nítorí àánú, kò mọ ibi tí yóò ti dì í mú. Òun náà ronú nípa ilẹ̀kùn tí òun fi sílẹ̀ nílé, àárò ilé sì sọ ọ́. Ó wo róòlù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wo eteetí fíìmù tó yọ sóde. Ọ̀rọ̀ Ayífíìmù tó ti fi pamọ́ bí abẹ́rẹ́ láàárọ̀ wá gún un.

"Télọ̀, apá ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u?"

"Apá ibo ló tún kù? Láti ìta ni."

"O tún un ká bó ṣe wà?"

"Bó ṣe wà gan-an ni, mà."

Ìyá Òfíntótó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, títí Télọ̀ fi rò pé orí rẹ̀ ti dà rú.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Wọn ò tíì ká a padà! Ìparí ló wà níta. Àtìdí lo ti ń wo ìtàn yẹn lọ sí orí! Tún un tò fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o parí ẹ̀ sí."

Télọ̀ la ẹnu, kò kọ́kọ́ yé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, díẹ̀díẹ̀. "Ó wà nínú lọ́rì, ó ń sunkún... Ó wà lójú títì, ó kọ̀yìn..."

"Ó kọ̀yìn sí lọ́rì. Ilé ló kọjú sí."

"Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà..." Télọ̀ tún ka ìka kan. "Wọ́n jọ wà nídìí àdògán. Háà, màmá. Nǹkan wà lórí àdògán yẹn. Ìkòkò ni!"

"Ó ku kí a gbọ́ ohun tí ọkọ sọ," ni Ìyá Òfíntótó wí. "Dìde. Ayífíìmù ń dúró."

"Ẹ ò ní fi mí lé wọn lọ́wọ́?"

"Màá fi ẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní lè mú gbogbo ẹ̀ láti orí àga. Ìwọ lo máa jókòó tì í lọ́la, ìwọ lo máa sọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sétí ẹ̀. Ìwọ tó o fẹ́ gba ìparí lọ́wọ́ ẹ̀, ìwọ lo máa fi í lé e lọ́wọ́."

*

Lọ́jọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan fẹ̀yìn ti ògiri. Alága jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nípa ìbọn. Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì wà ní àga iwájú, ó fọwọ́ mú ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ìyá Òfíntótó jókòó sẹ́yìn wọn gẹ́lẹ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó di ẹrù, ẹnì kan láti ẹ̀yìn kìlọ̀ fún un, gbogbo èèyàn sì rántí ọkùnrin ọjọ́sí. Ó bọ́ sí títì, lọ́rì dúró, ó gùn ún, ọkọ̀ ṣí. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti mọ ojú àwòrán mọ funfun. Wọ́n yíjú láìmọ̀, bí ẹni ń retí kí ẹnì kan jáde wá láti yàrá ẹ̀rọ.

Ojú àwòrán ò funfun. Róòlù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ó wà nínú lọ́rì," Télọ̀ ń sọ jẹ́jẹ́. "Ó ń sunkún. Ó ń na ọwọ́ sí dírẹ́bà. Ọkọ̀ ti dúró." Kò sí ariwo kankan nínú gbọ̀ngàn, ohùn rẹ̀ sì kárí wọn. "Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó yà sílé ojú ọ̀nà kan, ó ń bọ́jú, ó ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ti jáde. Ó ń rìn, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ló ń lọ. Ọkọ ti ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ń wo ara wọn."

Ó dákẹ́, nítorí pé ọkọ tó wà lójú àwòrán la ẹnu.

"Omi ti wà lórí iná," ni ọkùnrin náà wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn ti sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹkún àti àtẹ́wọ́ wá dàpọ̀. Alága ń nu ojú pẹ̀lú ìgbátí kóòtù oníkóòtù. Ìyá Òfíntótó ò nu tirẹ̀, ó jẹ́ kó máa dà.

 Níwájú rẹ̀, Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Télọ̀, aṣọ tó pààrọ̀ yẹn. Ṣé ẹ̀yìn ni bọ́tìnnì ẹ̀ wà?"

Télọ̀ yíjú sí i. Kò tíì sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì fún un. Ó wo Ìyá Òfíntótó, òun náà sì mi orí pé ẹnu òun kọ́ ló ti gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yìn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọrùn dé ìdí. Ta ló sọ fún yín?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ funfun, bóyá ó ń rí i, bóyá kò rí i mọ́.

"Nígbà tí ọkọ mi ti olú-ìlú dé, kó tó di pé fíìmù jóná, irú aṣọ yẹn gan-an ló rà bọ̀ wá fún mi. Mo ń bínú, mo ní irú aṣọ wo nìyí, tí wọ́n to bọ́tìnnì sẹ́yìn, ta ni yóò máa bá mi dè é? Ó ní, 'Èmi ni.'"